Bí a ṣe ń gbé iná dé ìdí wíńṣì ìdákọ̀ró nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́

Wíńṣì tó ń fi iná fa ìdákọ̀ró sókè kì í jẹ iná púpọ̀. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà. Èyí tó jẹ́ 12 fóòtì (volt, agbára tó ń ti iná), 1,000 wáàtì, máa ń fa nǹkan bí 80 sí 120 áńpù nígbà tó bá ń wọ́ ṣéènì àti ìdákọ̀ró bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi. Ká ní ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe é: 100 áńpù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, 5 Ah (áńpù-wákàtí) péré ni. Bátìrì 100 Ah ò ní mọ̀ pé ẹnì kan bu nǹkan lára òun. Ṣùgbọ́n 100 áńpù yẹn gbọ́dọ̀ rìn láti ìdí ọkọ̀, níbi tí bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, dé imú ọkọ̀, kó sì tún padà. Ojú ọ̀nà yẹn ni iná ti ń sọnù.

Nítorí náà, bí wíńṣì ọkọ̀ yín ní Jabi, ní Lokoja tàbí lórí adágún Kainji bá ń rìn bí ẹni tí ebi ń pa, ẹ má tíì tú mọ́tò inú rẹ̀ gbé lọ fún àwọn tó ń wé kọ́ìlì. Ẹ wo wáyà, orí wáyà àti fíúsì ná.

Wíńṣì 700 sí 1,500 wáàtì là ń sọ níbí, irú tó wà lórí ọkọ̀ tó gùn tó mítà 8 sí 14. Wíńṣì tí wọ́n ń fi fa jíìpù jáde nínú ẹrẹ̀ kọ́ o. Ìyẹn ò ní eyín tó lè gbá ṣéènì mú, ó sì lè fa 300 sí 400 áńpù bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn kan ń rà á nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Wáyà tó máa bọ́ ọ yó nìkan á jẹ gbogbo owó tí wọ́n rò pé àwọn jèrè.

Ẹ wọn ọ̀nà kí ẹ tó ra wáyà

Ẹ má fi gígùn ọkọ̀ ṣe ìṣirò. Ẹ na okùn gba ibi tí wáyà máa gbà gan-an, láti orí bátìrì, lábẹ́ pákó ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, títí dé ibi tí àpótí solenoid (swíìsì ńlá tí bọ́tìnì fi ń tan mọ́tò) máa wà níwájú. Nínú ọkọ̀ mítà 9, okùn yẹn lè tó mítà 11. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí wáyà nẹ́gẹ́tíìfù náà ń jẹ fóòtì bí ti pósítíìfù ṣe ń jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń ṣìnà.

Fóòtì tó máa sọnù = áńpù × gígùn àlọ àti àbọ̀ ní mítà × 0.0175 ÷ ìwọ̀n wáyà ní mm².

Fún mítà 10 ní àlọ, 100 áńpù, wáyà bàbà:

16 mm²: fóòtì 2.2 ló sọnù
25 mm²: 1.4
35 mm²: 1.0
50 mm²: 0.7
70 mm²: 0.5

0.0175 yẹn, bàbà tó wà ní 20°C ni. Nínú ikùn ọkọ̀ ní Lokoja lóṣù kẹta, tí ibẹ̀ gbóná tó 45°C, ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un. Tí wíńṣì yín bá jẹ́ 1,500 wáàtì, ẹ fi 150 áńpù ṣe ìṣirò.

A lè fara mọ́ kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sọnù, ìyẹn fóòtì 1.2 lára 12, ṣùgbọ́n kò yẹ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé bátìrì fúnra rẹ̀ máa ń wálẹ̀ tí ẹ bá ti gbé 100 áńpù lé e: èyí tó ń kà 12.6 lórí ìjókòó lè di 12.0. Tí wáyà bá jẹ́ 50 mm², 11.3 ló máa dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, wíńṣì á sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ 16 mm², 9.8 ló máa dé ibẹ̀. Ẹrù tó wà lórí wíńṣì ló ń sọ iye áńpù tó máa fà, fóòtì ló ń sọ bó ṣe máa yá tó. Fóòtì tó kéré á jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kó gbóná, kó sì tètè kú dúró sójú kan. Mọ́tò tó dúró tí iná ṣì ń wọlé sínú rẹ̀ lè fa ju 300 áńpù lọ.

Ohun kejì tí fóòtì kékeré ń fà ni pé solenoid kì í lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Á máa dún ká-ká-ká-ká, iná ńlá á máa já, á máa so, títí ojú irin inú rẹ̀ á fi lẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tó bá lẹ̀ pọ̀, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnì, wíńṣì ò ní dúró.

Tiwa ni pé kí ẹ lo 50 mm² dé mítà 10, 70 mm² dé mítà 14. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ronú nípa bátìrì níwájú tàbí wíńṣì 24 fóòtì.

Wáyà tó wà lọ́jà

Wáyà ilé 50 mm² tí àwọn oníná fi ń fa iná wọ ilé jẹ́ bàbà gidi bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tó dára, àmọ́ fọ́nrán rẹ̀ kò pọ̀, ó nípọn, ó sì le. Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Wáyà líle á máa fa nọ́ọ̀tì títí yóò fi tú. Èyí tó dára jù ni wáyà ọkọ̀ omi tí wọ́n fi tánńganran bo fọ́nrán rẹ̀. Omi wa níhìn-ín kò ní iyọ̀, nítorí náà wáyà àwọn wẹ́dà tàbí wáyà rírọ̀ tí àwọn oní-sólà fi ń so bátìrì mọ́ ínfátà lè ṣe é, bí ẹ bá dí orí rẹ̀ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún àlùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n kàn fi bàbà kùn lára. Ó pọ̀ nínú wáyà ẹ̀rọ orin ọkọ̀ àti wáyà tí wọ́n fi ń jọ́ọ̀mpù bátìrì. Kò lè gbé iná tó bàbà; nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń ṣe. Ẹ gé fọ́nrán kan, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: bàbà á pọ́n dé inú, àlùmíníọ́ọ̀mù á funfun. Ẹ má fi ara ìta dájọ́, nítorí bàbà tó ní tánńganran náà funfun lóde.

Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára wáyà náà lè jẹ́ irọ́. Ọ̀nà tó dájú ni òṣùwọ̀n. Kí ẹ gé 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ bó rọ́bà rẹ̀ kúrò pátá, kí ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré irú ti àwọn tó ń ta wúrà. 50 mm² ti bàbà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 45. 70 mm² á tó 63. Tí "50" bá wọn gíráàmù 31, wáyà 35 ni wọ́n ń tà fún yín. Tó bá jẹ́ 16 tàbí 17, àlùmíníọ́ọ̀mù ni. Ẹni tó ń tajà ò ní fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n wáyà mítà 20 kì í ṣe owó kékeré.

Fíúsì àti bréékà

Fíúsì wà fún wáyà, bréékà wà fún mọ́tò. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá bátìrì lórí wáyà pósítíìfù, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ sí orí bátìrì. Gbogbo wáyà tó wà ṣáájú fíúsì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Fún 50 mm², fíúsì ANL tàbí MEGA tó jẹ́ 150 sí 200 áńpù dára. Bréékà yín, ìwé tó bá wíńṣì wá ló máa sọ iye rẹ̀. Fún 1,000 wáàtì ó sábà máa ń wà láàárín 80 sí 125 áńpù. Ẹ fi í sí ibi tí ọwọ́ lè tètè dé láti ibi ìtukọ̀, torí òun náà lẹ máa fi pa wíńṣì bí solenoid bá lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá gbé bréékà sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, tí ó sì kéré tó láti ṣọ́ wáyà, ó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹ má lo bréékà ilé, èyí tó wà fún iná 230 fóòtì. Iná ilé máa ń kọjá lórí òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí iná tó ń ta nínú bréékà kú. Iná bátìrì kì í kọjá lórí òdo. Á máa ta lọ nínú ike yẹn títí á fi yọ́. Àwọn oní-sólà ní Abuja ní bréékà DC (ti iná bátìrì), àmọ́ ẹ wo ara rẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ní àmì ibi tí pósítíìfù gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹ sọ ọ́ sódì, kò ní lè pa iná nígbà tó yẹ.

Tó bá jẹ́ bátìrì lithium lẹ ní, ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ìkínní, bí wáyà bá kan ara wọn, lithium lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù jáde. Fíúsì Class T tó lè pa 20,000 áńpù ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ANL lásán. Ìkejì, ọ̀pọ̀ bátìrì 12.8 fóòtì 100 Ah ní BMS (ẹ̀rọ inú bátìrì tó ń ṣọ́ ọ) tó ń gé iná ní 100 áńpù. Ìdákọ̀ró á ti kúrò nílẹ̀, ṣéènì á wà láàárín méjì, iná ọkọ̀ yín á sì kú pátápátá, títí kan iná àwọn ohun tí ẹ fi ń tukọ̀. Ẹ ra èyí tí BMS rẹ̀ tó 200 áńpù, tàbí kí ẹ so méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bátìrì níwájú ńkọ́?

Ìmọ̀ràn yìí máa ń dùn létí: ẹ gbé bátìrì kan sí imú ọkọ̀, wáyà ńlá á kúrú sí mítà kan tàbí méjì, ẹ wá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáàjì rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá mọ ohun tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa fojú rí.

Ká ní 10 mm² ni, mítà 10 ní àlọ. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn wà ní 14.2 fóòtì. Ẹ tẹ bọ́tìnì, bátìrì iwájú wálẹ̀ sí 11.2. Fóòtì 3 ti wà láàárín orí méjèèjì wáyà náà, wáyà yẹn sì jẹ́ 0.035 ohm: iná tó ń wá ọ̀nà gbà kọjá níbẹ̀ lè sún mọ́ 85 áńpù. Yálà kí fíúsì máa jó ní gbogbo ìgbà, tàbí kí rọ́bà wáyà máa rọ̀. Reléè tó ń so bátìrì méjì pọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè dá èyí dúró. Ohun tó lè dá a dúró ni ṣájà DC-DC, 20 tàbí 30 áńpù, tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Kò ní gbà ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ, ó sì ń gbé fóòtì tó ti wálẹ̀ lójú ọ̀nà padà sókè. Ẹ fi fíúsì sí orí méjèèjì wáyà ìṣáàjì, torí bátìrì wà ní orí méjèèjì.

Bátìrì tubular 220 Ah tó kún ilé gbogbo wa kì í ṣe ti ibí yìí. Ó tó kílò 60, ó ń tú gáàsì, ásíìdì rẹ̀ á sì dà bí ọkọ̀ bá fì. AGM (bátìrì tí wọ́n dí pa, tí ásíìdì rẹ̀ kì í dà) tó ń sítátì ẹ́ńjìnnì, 70 sí 100 Ah, ló yẹ. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ kó má lè yẹ̀.

Àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì tí a ń fi kọ́ ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ronú ju báyìí lọ. Ọ̀pọ̀ irú 40 hp tí wọ́n ń fi okùn ta kò ní ohun tó ń ṣáàjì bátìrì rárá, àwọn tó sì ní i ń mú áńpù díẹ̀ péré jáde. Sólà ni kí ẹ gbára lé. Fífà ìdákọ̀ró lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ á ná yín ní nǹkan bí 10 Ah. Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì kan lè dá a padà lọ́jọ́ kan, kó sì ṣẹ́ kù, bí ẹ bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

Tí ẹ kò bá tíì ra wíńṣì, ẹ ra 24 fóòtì. Áńpù á wálẹ̀ sí ìdajì, nítorí náà wáyà 25 mm² lórí mítà 10 máa sọ fóòtì 0.7 nù lára 24, tí kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bátìrì méjì tó jọra, tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ni kí ẹ tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ má ṣe ti orí ọ̀kan nínú wọn fa 12 fóòtì fún rédíò tàbí gílóòbù bí àwọn rewáyà kan ṣe ń ṣe nínú tírélà. Ọ̀kan á máa ṣáàjì jù, èkejì ò ní yó láéláé, àwọn méjèèjì á sì kú kó tó yẹ.

Àwọn kan á ní kí wọ́n gbé ínfátà sí i, kí wọ́n lo wíńṣì 230 fóòtì àwọn bíríkìlà. 230 fóòtì, ẹsẹ̀ tútù, ṣéènì irin lọ́wọ́. Rárá o.

Solenoid àti bí a ṣe ń so ó

Ẹ ka nọ́ọ̀tì tó jáde lára mọ́tò. Bó bá jẹ́ méjì, iná ló ń yí padà kí wíńṣì tó lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀: pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù méjèèjì ló ń gba inú àpótí solenoid, wáyà méjì ló sì jáde lọ sí mọ́tò. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, nẹ́gẹ́tíìfù lọ tààrà sí ọ̀kan nínú wọn, solenoid wá ń fún èyí tó ń gbé sókè tàbí èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní pósítíìfù. Àpótí irú kan kò ṣe é lò fún irú kejì.

Iwájú ni kí àpótí yìí wà, kí wáyà ńlá tó wá láti ẹ̀yìn lè jẹ́ méjì péré. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wà nínú kòtò tí ṣéènì ń kó sí. Ẹrẹ̀ àti omi ibẹ̀ á jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí po. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ògiri kòtò yẹn, nínú yàrá, lókè. Wáyà tó wọ kòtò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó wọ ihò, kí omi lè kán dànù kó má tẹ̀ lé e wọlé.

Wáyà bọ́tìnì ẹsẹ̀ àti ti rìmóòtù ò ju 1.5 mm² lọ, fíúsì 5 áńpù. Ẹ gba iná rẹ̀ láti ẹ̀yìn níbi bátìrì bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má gbà á láti orí wáyà ńlá níwájú. Nípa bẹ́ẹ̀, bí fóòtì bá wálẹ̀ lójú ọ̀nà, solenoid á ṣì di ara rẹ̀ mú.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irin tàbí àlùmíníọ́ọ̀mù, ẹ má fi ara ọkọ̀ ṣe nẹ́gẹ́tíìfù bí wọ́n ti ń ṣe nínú mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Iná tó bá ń gba ara ọkọ̀ bọ́ sínú omi á máa jẹ irin náà lábẹ́lẹ̀. Wáyà méjì ni, àlọ àti àbọ̀.

Orí wáyà wá kù. Lọ́ọ̀gì bàbà tó bá ìwọ̀n wáyà mu, tí ihò rẹ̀ sì bá bóòtì mu, M8 tàbí M10. Kíríńpà tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn oní-sólà ní i, ẹ lè gbé wáyà tọ̀ wọ́n lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọn ọ́n. Òòlù àti píńṣì kọ́. Ẹ má sì gbára lé léèdì nìkan: bí oríkò náà (ibi tí wáyà ti so pọ̀) bá gbóná, léèdì á yọ́, wáyà á fà jáde. Lẹ́yìn náà, heat-shrink (rọ́bà tó ń fún mọ́ wáyà bí ooru bá kàn án) tó ní gọ́ọ̀mù nínú, kó bo ọrùn lọ́ọ̀gì àti rọ́bà wáyà pọ̀.

Lórí bóòtì, ojú lọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ kan ojú bàbà tààrà. Wọ́ṣà máa wà lókè, lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Kò gbọdọ̀ wà láàárín lọ́ọ̀gì àti ibi tó jókòó lé. Wọ́ṣà irin tí kì í dípẹtà kò mọ iná gbé dáadáa, òun ló sì ń sun ọ̀pọ̀ àpótí solenoid tí wọ́n ní ó bàjẹ́. Tí ẹ bá ti dì í pa, ẹ fi fasilíìnì pa á lókè. Fíúsì ńlá ni ẹ máa fi sí i gbẹ̀yìn, nígbà tí gbogbo nǹkan tó kù ti jókòó.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹrù

Wíńṣì tó ń yí lófìfo ò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ sọ ìdákọ̀ró sínú omi jíjìn, kí ẹ tú ṣéènì jáde. Ṣéènì 8 mm jẹ́ nǹkan bí kílò 1.4 ní mítà kan, nítorí náà mítà 20 tó ṣù sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìdákọ̀ró kílò 15 jẹ́ bíi kílò 43. Bí ẹnì kan ti ń fà á sókè, kí ẹlòmíràn fi ẹnu mọ́tímítà kan lé orí pósítíìfù bátìrì, èkejì lé bóòtì pósítíìfù níwájú. Fún 50 mm² mítà 10 ní 100 áńpù, kó kà nǹkan bí 0.35. Ẹ ṣe ti nẹ́gẹ́tíìfù bákan náà. Bó bá kà 0.8, ẹ máa gbé ẹnu mọ́tímítà rìn láti oríkò kan dé èkejì títí ẹ ó fi rí ibi tí iná ń sá sí. Oríkò kan ṣoṣo kò yẹ kó kọjá 0.05. Èyí tó bá ń jẹ fóòtì 0.2 ní 100 áńpù ń mú 20 wáàtì ooru jáde lójú kan, ẹ ó sì gbọ́ òórùn rọ́bà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn áńpù, clamp meter (mítà tí a ń fi ẹnu rẹ̀ gbá wáyà mú) tó lè ka DC ni kí ẹ yá. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníná, AC (iná ilé) nìkan ló ń kà. Òdo ni yóò fi hàn yín.

Bí bréékà bá ń já, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú rọ́pò rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó wà lórí bọ́tìnì ló ń fi wíńṣì wọ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ní Lokoja, tí Odò Ọya bá kún lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, agbára omi tó ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn ju ohun tí mọ́tò 1,000 wáàtì lè bá jà. Ẹ wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ kí ṣéènì dẹ̀, kí wíńṣì kó èyí tó dẹ̀, kí ẹ tún wà á síwájú. Bí ìdákọ̀ró bá há sábẹ́ kùkùté igi ní Kainji, ẹ so ṣéènì mọ́ òpó ọkọ̀, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì já a. Bí ẹ bá sì ti dákọ̀ró tán, òpó yẹn náà ni kí ẹrù ọkọ̀ wà lára rẹ̀, kì í ṣe jíà inú wíńṣì.

Lẹ́yìn ọyẹ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tú ìbòrí àpótí solenoid, kí ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, kí ẹ di gbogbo nọ́ọ̀tì, kí ẹ wo bóyá rọ́bà bọ́tìnì ẹsẹ̀ ti sán, torí oòrùn ibí ń jẹ ẹ́. Ẹ yọ ọ̀pá tí a ń fọwọ́ yí wíńṣì síta lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi fa mítà mélòó kan, kí ẹ sì rí i pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń tú, kí ìdákọ̀ró lè wọ omi fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí iná.